Ẹ Má Torí Fídíò Tú Ẹsẹ̀ Yín Palẹ̀: Ìkìlọ̀ Fún Àwọn Tó Ń Sáré

Ẹ̀yin tí ẹ ń jí sáré ní ìdájí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje Marathon ìlú Èkó, eré sísá ti kúrò lóhun tí a fi ń mọ ọmọ iléèwé àti sọ́jà. Òṣìṣẹ́ báǹkì ń sáré, oníṣòwò ń sáré, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà ti ra káńfáàsì, ó ti ń bá wọn sá a lójú títì kí mọ́tò tó pọ̀. Ohun ayọ̀ ni. Àmọ́ àṣà kan ti wọlé tẹ̀ lé e tí kò yẹ ká dákẹ́ sí. Ẹni tó ti ń sáré tirẹ̀ jẹ́jẹ́ láti oṣù mélòó kan yóò ṣí fóònù, yóò bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ tó ní gbogbo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni kò dáa: ìka ẹsẹ̀ ni kó máa fi balẹ̀, orúnkún ni kó máa gbé sókè, iwájú ni kó máa tẹ̀ sí, ìṣísẹ̀ 180 ni kó máa gbé ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ó ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Kí oṣù tó parí, ó ti ń tiro.

Kì í ṣe pé ọ̀nà tí èèyàn ń gbà sáré kò ṣe é tún ṣe. Ó ṣe é tún ṣe, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi okun tó yẹ kó gbé wa délé ṣòfò lójú ọ̀nà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wá ibi tí okun ti ń ṣòfò gan-an rí, kí ẹ tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ara tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú níí le koko.

Ibi tí okun ń gbà lọ

Ẹni méjì lè jọ máa sáré lọ ní ìyára kan náà, kí ọ̀kan máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí èkejì sì máa bá a tàkúrọ̀sọ. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ pé ọkàn ọ̀kan le ju ti èkejì lọ. Ó lè jẹ́ pé iye ọ́síjìn tí ẹnìkan ń lò láti fi sá kìlómítà kan ló kéré sí ti ẹnìkejì. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí èèyàn ṣe mọ okun ṣọ́ ná sí. Ní kìlómítà márùn-ún, ìyàtọ̀ náà lè má hàn. Ṣùgbọ́n kìlómítà 42.195 ni eré Marathon, ti Èkó sì ń ti Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè gba orí Afárá Third Mainland lọ sí Eko Atlantic. Igi kan ò sí lórí afárá yẹn tí èèyàn lè yà sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ná ìnákúnàá láti Sùúrùlérè yóò mọ̀ ọ́n lára bí oòrùn bá ti mú.

Ọlọ́run fi nǹkan kan sínú ẹsẹ̀ tó ń bá wa dín ìnáwó yìí kù. Ní 1987, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo agbára tí ara ń gbà mọ́ra nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lórí eré, iṣan ńlá tó wà lókè gìgísẹ̀ ń tọ́jú bí ìdá 35 nínú 100, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ sì ń tọ́jú bí ìdá 17. Wọ́n á fà, wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà bí ẹsẹ̀ bá ń kúrò nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni okun yìí. Oúnjẹ kankan ò jóná nítorí rẹ̀. Iṣan òkè gìgísẹ̀ yìí kan náà ló sì kọ́kọ́ máa ń ké nígbà tí èèyàn bá ṣàdédé yí ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà dé orí rẹ̀.

Ohun tó ń ṣòfò okun jù lẹ́sẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré ni kí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ jìnnà síwájú ara. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láàárọ̀ Sátidé kí ẹ wo ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan, gìgísẹ̀ kanlẹ̀ kọjá iwájú orúnkún, ìka ẹsẹ̀ ń wo sánmà, àyà ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ óò ti gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: gbì, gbì, gbì. Bí awakọ̀ tó tẹ tọ́tù àti bíréèkì pa pọ̀ ni: epo ń jó, táyà ń jẹ, mọ́tò ò lọ. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá a dúró díẹ̀, ó sì tún gbọ́dọ̀ ná okun mìíràn kó tó lè lé ara rẹ̀ síwájú. Orúnkún àti ìbàdí ló ń jẹ ìyà ìkanlẹ̀ náà.

Ohun tí ẹ lè tún ṣe

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti sáré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ara ti gbóná, ẹ wo aago, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá ka 40, a jẹ́ pé ìṣísẹ̀ yín jẹ́ 160 ní ìṣẹ́jú kan. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2011 fi hàn pé bí èèyàn bá fi ìdá 5 sí 10 nínú 100 kún iye ìṣísẹ̀ rẹ̀, láì fi kún ìyára, ẹrù tó ń wọ orúnkún àti ìbàdí ń fúyẹ́. Ìdá 5 lórí 160 kò ju 8 lọ. Ìyẹn ni pé dípò 40, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò kanlẹ̀ nígbà 42. Ìṣísẹ̀ á kúrú díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa balẹ̀ súnmọ́ abẹ́ ìbàdí, bíréèkì á sì tú. Ẹ má ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin eré. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sá bí ẹ ṣe ń sá tẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tún wá ṣe é. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ohunkóhun ò dùn yín, ẹ fi kún un. Ẹni tí tirẹ̀ ti lé ní 170 tẹ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ sì le, kò ní ohun tó ń wá níbí. Kó kọjá sí èyí tó kàn.

Èyí tó kàn ni apá. Àwọn kan gbà pé apá kò níṣẹ́ kankan lórí eré. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ní kí àwọn èèyàn gbé ọwọ́ sí ibi oríṣìíríṣìí bí wọ́n ṣe ń sáré, wọ́n sì wọn okun tí wọ́n ń ná. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Nígbà tí wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, okun tí wọ́n ná fi ìdá 3 nínú 100 lé sí ti ìgbà tí wọ́n ń ju apá. Nígbà tí wọ́n ká a lé àyà, ó fi ìdá 9 lé. Nígbà tí wọ́n gbé e lérí, ó fi ìdá 13 lé. Ẹ wá ro ti ẹni tó di fóònù mú lọ́wọ́ ọ̀tún, tó gbé ike omi sí òsì, tó há kọ́kọ́rọ́ ilé sáàárín ìka, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ti gòkè dé abẹ́ etí. Ẹ ká ìgúnpá, kí apá máa lọ síwájú, kó máa bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó máa dábùú àyà kọjá sí òdìkejì. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹ má di ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé èjìká tún ti ń gòkè, ẹ ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ gbọ̀n wọ́n nù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìdúró yín pẹ̀lú, pàápàá nígbà tó bá ti ń rẹ̀ yín. Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń ká ní ìbàdí, orí á sọ̀ kalẹ̀, ojú á máa wo bàtà, èémí ò sì ní ráyè wọlé dáadáa mọ́. Ẹ gbé orí sókè, kí ojú máa wo iwájú bí ìwọ̀n òpó iná kan sí èkejì. Mo mọ̀ pé títì wa ní kòtò, ìdérí gọ́tà mìíràn ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ni kẹ́ ẹ máa rán wálẹ̀ lọ wò ó, ẹ má rán orí. Bí ara yóò bá tẹ̀ síwájú rárá, láti ọrùn ẹsẹ̀ ni kó ti tẹ̀, díẹ̀ báyìí, kì í ṣe láti ìbàdí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí. Yàtọ̀ sí pé ẹ óò lè gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìró bàtà yóò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún yín. Bí ìró ọ̀tún bá le ju ti òsì, ẹsẹ̀ kan ń gbé ẹrù ju èkejì lọ. Bí méjèèjì bá ń dún gbì, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kí ẹsẹ̀ ṣì máa balẹ̀ jìnnà síwájú. Ẹni tó ń fò sókè ń gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lọ síbi tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Ní ti bàtà, ó ti hàn nínú ìwádìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí bàtà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá fi gíráàmù 100 wúwo sí i, okun tí a ń ná ń fi bí ìdá 1 nínú 100 pọ̀ sí i. Nítorí náà, bàtà gìrìwò tí a fi ń lọ òde kì í ṣe bàtà eré. Bó bá sì jẹ́ bósìkọ́nà ni agbára yín ká, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ gbé bàtà náà lé orí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì fẹ́ tẹ tiyín náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀: bó bá le gbagidi tí kò rọ̀ rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má sọ 180 di òfin. Jack Daniels, kóòṣì ará Amẹ́ríkà, ló ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń díje ní Òlíńpíìkì Los Angeles ní 1984, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ìṣísẹ̀ wọn tó 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń wá góòlù ni wọ́n, ìyára ìdíje ni wọ́n sì ń sá. Iye ìṣísẹ̀ wọn kò lè bá ti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sá kìlómítà kan mu, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tó ga kò lè bá ti ẹni kúkurú mu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ má fi ipá gbé ara lé ìka ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣàdédé bọ́ bàtà sílẹ̀. Àwọn tó ń polongo ẹsẹ̀ lásán fẹ́ràn láti dárúkọ Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà tó gba góòlù Marathon Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960 láìwọ bàtà. Wọn kì í sábà fi kún un pé bàtà ló wọ̀ nígbà tó tún gba góòlù náà ní Tókíò ní 1964. Lẹ́yìn tí ìwé Born to Run tí Christopher McDougall kọ jáde ní 2009, ẹsẹ̀ lásán àti bàtà pẹlẹbẹ gba ìgboro kan ní Amẹ́ríkà. Ní 2014, ilé iṣẹ́ Vibram tó ń ṣe bàtà oníka márùn-ún gbà láti san mílíọ̀nù 3.75 dọ́là fi parí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè é nítorí ìlérí ìlera tó ṣe lórí bàtà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Gìgísẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Níbi ìdajì Marathon kan tí wọ́n sá ní Japan ní 2004, àwọn onímọ̀ fi kámẹ́rà ya àwọn ògbóǹtarìgì sárésáré ní kìlómítà 15. Nínú ẹni mẹ́rin, bí mẹ́ta ló ń fi gìgísẹ̀ balẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe súnmọ́ abẹ́ ara tó nígbà tó balẹ̀ ló ṣe kókó ju ibi tó kọ́kọ́ kanlẹ̀ lára ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì fi ipá gbé ara lé ìka, ẹrù ò pòórá. Ó kàn kúrò ní orúnkún lọ sínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun àti iṣan òkè gìgísẹ̀ ni. Iṣan tí a ní ó ń fún wa lókun ọ̀fẹ́ nìyẹn o. Bó bá wú, tàbí tó ya, oṣù ló ń jẹ kó tó san, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ má sáré bí ẹlòmíràn. Lóòótọ́, ó wu èèyàn láti wo Eliud Kipchoge, sárésáré ọmọ Kenya, bó ṣe ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń lọ sóde. Ọkùnrin yẹn fi wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 sá odindi ìwọ̀n Marathon ní Vienna ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019. Kìlómítà kan ń gbà á ní bí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 50. Ìyára yẹn ló ń gbé orúnkún rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ń gbé orúnkún bẹ́ẹ̀ láìní ìyára náà ń fò lójú kan ni. Àti pé ẹwà ìsáré kọ́ ni ìṣọ́-okun-ná. Emil Zátopek ará Czechoslovakia máa ń lọ́ ojú pọ̀, orí rẹ̀ á máa mì lọ mì bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró. Góòlù mẹ́ta ló kó ní Òlíńpíìkì Helsinki ní 1952, ní mítà 5,000, mítà 10,000 àti Marathon. Paula Radcliffe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mi orí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Síbẹ̀ wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti àáyá 25 tó fi sá Marathon London ní 2003 kò rí obìnrin tó borí rẹ̀ títí di 2019.

Pabanbarì rẹ̀, ẹ má yí gbogbo nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2005, ìwádìí kan jáde lórí àwọn tó ń díje nínú eré alápá mẹ́ta, ìyẹn odò wíwẹ̀, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi kọ́ àwọn kan nínú wọn ní ìlànà ìsáré tuntun látòkèdélẹ̀. Ìgbẹ́sẹ̀ wọn yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n okun tí wọ́n ń ná ní ìyára kan náà pọ̀ sí i. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ní Yunifásítì Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú àwọn obìnrin mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n ní kí wọ́n kàn máa sá a fún ọ̀sẹ̀ 10, láìsí ẹni tó kọ́ wọn ní ìgbẹ́sẹ̀. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2012, rí i pé okun tí wọ́n ń ná dín kù ní ìdá 8.4 nínú 100. Ara wọn ló fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tó dẹrùn.

Àwọn tó fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ lágbára. Ní Norway, àwọn sárésáré tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbé irin wúwo lé èjìká, tí wọ́n ń lọ́sọ̀ọ́ tí wọ́n ń dìde, dín okun tí wọ́n ń ná kù ní bí ìdá 5 nínú 100. 2008 ni èsì rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò ní irin lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́sọ̀ọ́-dìde lásán, kó sì máa dúró sí etí àtẹ̀gùn, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àmì tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú di

Ara ríro tó kárí ẹsẹ̀ méjèèjì, tó sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kò ní wàhálà. Ìrora tó dúró sójú kan lórí eegun, tí ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń sá a, eegun lè ti ń sán níbẹ̀. Iṣan òkè gìgísẹ̀ tó gan pa láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi ni. Ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má gbé oògùn ara ríro mì kí ẹ tún wá jáde lọ sáré. Ẹ dá eré dúró, ẹ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n ya àwòrán eegun bó bá yẹ.

Bí àyà bá ń fún yín, tí ojú ń ṣú, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yín lórí eré kò já geere mọ́ nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́sẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ibòòji, ẹ da omi tútù sí ara, kí ẹ sì pe àwọn oníṣègùn. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó ti rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní eré ní pápá àti lórí fóònù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè ọjọ́ orí, bàtà àti ibi tó ń dun èèyàn kí ẹ tó ní kó yí ẹsẹ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sáré, ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán an wò. Bó bá mú ìrọ̀rùn wá, ẹ mú un lò. Bó bá mú ìrora wá, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ padà sí ìgbẹ́sẹ̀ tiyín.